Ẹ̀sìn ni àbí Àṣà? Bọ́lájí Ìdòwú, C. K. Yang, àti Ìbéèrè Kan láti Barking

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí kíláàsì Yorùbá tí mò ń kọ́ lọ́jọ́ Sátidé ní Barking ti parí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Dagenham ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti dàgbà. Ìyá bàbá rẹ̀ ti jáde láyé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, olórí ẹbí sì ti ránṣẹ́ pé kí gbogbo ọmọ-ọmọ tó wà ní òkè òkun péjú sórí ìpè fídíò ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, kí wọ́n kúnlẹ̀ nígbà tí òun bá ń da omi sílẹ̀, tí òun ń pe orúkọ àwọn tó ti lọ ṣáájú, tí òun sì ń da obì. Àbúrò bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ pásítọ̀, ní kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀: ẹ̀sìn ni. Màmá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ kan náà, ní kí ó kúnlẹ̀: àṣà lásán ni. Ọmọ náà wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni ó jẹ́ gan-an ní Yorùbá?"

Mo rò pé ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí mo ti ń lò láti ọdún méje sẹ́yìn, orí kan wà fún àṣà, orí kan sì wà fún ẹ̀sìn. Ìkíni, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti oúnjẹ wà lábẹ́ àṣà. Lábẹ́ ẹ̀sìn, mo to ìgbàgbọ́, ìmàle àti ìṣẹ̀ṣe sí ìlà mẹ́ta, ó parí. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní òkè òkun ló pín in bẹ́ẹ̀. Mo ṣí àkọsílẹ̀ náà lójú ọmọ yìí láti fi ibi tí ìsìnkú wà hàn án, ó sì ku díẹ̀ kí n sọ fún un pé màmá rẹ̀ ló jàre. Ìgbà náà ni mo rántí pé èmi ni mo pín in. Kò sí àgbàlagbà kan tó pín in bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti bá wa pín in. Láti ọdún 2001 ni fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélísì ti ń béèrè ẹ̀sìn ẹni, ìbéèrè náà sì jẹ́ èyí tí a kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni dáhùn. Àpótí kan ṣoṣo ni a ní kí olúkúlùkù fọwọ́ sí. Ní ìkànìyàn ọdún 2021, ènìyàn bí 218,900 ni wọ́n kà ní Barking àti Dagenham. Àwọn tó pe ara wọn ní Krìstẹ́nì dín díẹ̀ sí ìdajì wọn, Mùsùlùmí sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Iye náà péye ní ti ohun tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn kọ. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ tí mo sọ yìí àti díákónẹ́ẹ̀sì náà yóò fọwọ́ sí àpótí kan náà, fọ́ọ̀mù kò sì ní bi wọ́n léèrè ohun tó pín wọn níyà nínú ilé.

Bí a bá ń wá ibi tí irú awuyewuye yìí ti dé ààfin, tó dé ọ̀dọ̀ Póòpù, tó sì dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni a ó kọ́kọ́ yà sí. Ṣáínà, Jàpáànù àti Kòríà ni. Ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti ń jiyàn lórí bóyá títẹríba fún àwọn òkú ìdílé jẹ́ ìsìn tàbí ìwà ọmọlúàbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwé kan lórí Ṣáínà yóò ran ọmọ Dagenham yìí lọ́wọ́ ju ìwé tí gbogbo wa ń tọ́ka sí lórí Yorùbá lọ. Àti pé ìwé náà pàápàá kò ní gbà wá lọ́wọ́ ìbéèrè kan tó le ju ti ọmọ náà lọ, èyíinì ni ẹni tó ní àṣẹ láti dáhùn.

Ìwé méjì ni mo ní lọ́kàn. Lọ́dún 1961, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Kalifóníà gbé *Religion in Chinese Society* jáde. C. K. Yang, ọmọ Ṣáínà tó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní Yunifásítì Pittsburgh, ló kọ ọ́. Lọ́dún 1962, Longmans ní Lọ́ńdọ̀nù gbé *Olódùmarè: God in Yoruba Belief* jáde, láti ọwọ́ Bọ́lájí Ìdòwú, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó sì padà di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, *diffused*, ni àwọn méjèèjì fi ṣe òpó ilé tí wọ́n kọ́. Ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ohun tó tàn ká, tó wọnú ohun mìíràn lọ bí iyọ̀ ṣe ń wọnú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó tàn ká nínú ìwé kìíní kọ́ ló tàn ká nínú ìkejì, ìyàtọ̀ náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Nínú ìwé Ìdòwú, ọlá Ọlọ́run kan ṣoṣo ló tàn ká. Olódùmarè ló ni àṣẹ, àwọn òrìṣà jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀, ohun tí a bá sì fún òrìṣà, ọ̀dọ̀ Olódùmarè ló ń lọ. Ó dá a lójú débi pé ó dábàá kí a fi orúkọ Olódùmarè sọ ẹ̀sìn náà. A kò gbọdọ̀ fojú kéré ohun tó gbà láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn arìnrìn-àjò àti míṣọ́nnárì ti kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́ pé igi àti òkúta ni àwọn baba wa ń bọ, pé wọn kò mọ Ẹlẹ́dàá. Ìdòwú gba ẹjọ́ náà rò, ó sì jàre. Èmi náà jẹ nínú èrè ìdáláre yẹn, nítorí náà n kò ní wá jókòó sí Barking kí n máa fi í ṣẹ̀sín.

Síbẹ̀, agbẹjọ́rò kì í yan ẹ̀sùn tí yóò dáhùn. Míṣọ́nnárì ló béèrè pé, "Ṣé ẹ mọ Ọlọ́run?" Ìdòwú dáhùn pé, "A mọ̀ ọ́n." Láti ibi ìdáhùn yẹn ló ti to gbogbo ìwé náà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: Olódùmarè ṣáájú, òrìṣà tẹ̀lé e, ènìyàn sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwà àti ìpín rẹ̀. Okot p'Bitek, akéwì àti onímọ̀ ará Uganda, ti bá Ìdòwú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wí kíkankíkan ní bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà pé aṣọ àlejò ni wọ́n gbé wọ òrìṣà ilẹ̀ Áfíríkà. Mo rò pé ìbáwí náà le jù. Àwáwí tèmi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá mú ìwé Ìdòwú lọ́wọ́ tí mo sì wo olórí ẹbí tó ń da omi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìwé náà yóò bi mí pé: ta ni omi yìí ń lọ bá? Bí mo bá dáhùn pé Olódùmarè ni, mo purọ́. Bí mo bá dáhùn pé ìyá àgbà àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni, pásítọ̀ yóò ní òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ìdòwú kò fún ọmọ-ọmọ náà ní ọ̀nà kẹta.

Àwọn tí Yang ń bá jiyàn yàtọ̀. Kì í ṣe àlejò nìkan ló ń sọ pé Ṣáínà kò ní ẹ̀sìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà fúnra wọn, bíi Liang Qichao àti Hu Shi, ti ń sọ ọ́ tìyangàn-tìyangàn pé ọgbọ́n orí àti ìwà rere ni àwọn ènìyàn àwọn fi ń gbé ilé ayé, wọn kì í ṣe aṣèsìn púpọ̀. Yang ní ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀sìn oríṣi kan wà tó dá dúró, tó ní ilé tirẹ̀, ìwé tirẹ̀ àti àlùfáà tirẹ̀. Irú èyí ni ẹ̀sìn Búdà àti ti àwọn Táò. Oríṣi kejì kò ní ilé àfi ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé. Pẹpẹ rẹ̀ wà nínú yàrá àlejò, baálé ló ń ṣe àlùfáà rẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ń bọ olùdásílẹ̀ iṣẹ́ wọn, ọba aláyélúwà fúnra rẹ̀ sì ń rúbọ sí ọ̀run fún gbogbo ìlú. Nítorí pé kò yàtọ̀ sí ìdílé, sí iṣẹ́ àti sí ìjọba, ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀ṣì kò ní rí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú yìí wo Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹnikẹ́ni kò fi òróró yan olórí ẹbí. Ọjọ́ orí ló yàn án. Òun náà ló ń parí ìjà láàárín ọmọ ìyá, òun ló ń jókòó nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún, òun sì ni agbẹjọ́rò máa ń wá bá bí ẹnìkan bá fẹ́ ta ilẹ̀ tí gbogbo ẹbí jọ ni. Nígbà tó bá ń pe orúkọ àwọn òkú ní ẹsẹẹsẹ, ó ń tọrọ ààbò lọ́wọ́ wọn, òtítọ́ ni. Ó tún ń ka ìwé ẹ̀rí ilé náà sókè létí gbogbo ará àdúgbò, nítorí pé àwọn tí a sin sínú ọgbà ilé ló ń jẹ́rìí ẹni tó ni ín. Ọmọ-ọmọ tó kúnlẹ̀ lójú fídíò ní Dagenham ń bọ̀wọ̀ fún òkú, ó sì tún ń dáhùn "Mo wà níbí" nínú ìwé orúkọ àwọn ajogún. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ẹ̀sìn? Èwo ni òfin, èwo ni ìfẹ́? Bí Yang bá wà níbẹ̀, yóò ní kí a má ṣe gé e sí wẹ́wẹ́, pé bó ṣe wà papọ̀ náà ni ohun tó yẹ kí a ṣàlàyé.

Èyí ló mú kí n sọ pé Yang wúlò fún wa. Ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ kò bá ẹsẹ̀ wa mu tán. Ifá kì í ṣe ohun tó kàn tàn ká nínú ìdílé. Ó ní àwọn tí a tẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́. Ó ní Odù mẹ́rìndínlógún tó jẹ́ ojú Odù, tí wọ́n sì ń so pọ̀ títí wọ́n fi pé 256. Ó ní oyè àti ìgbìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni babaláwo máa ń wọlé tọ̀ bí òkú bá ṣẹlẹ̀, tí ohun tó dá dúró àti ohun tó tàn ká yóò jọ jókòó sórí ẹní kan náà. Yang mọ̀ pé irú àdàlù báyìí wà ní Ṣáínà. Ó rí bí wọ́n ṣe máa ń pe àlùfáà Búdà wá ṣe ètùtù fún òkú ilé. Àmọ́ nínú ìwé rẹ̀, àwọn tó dá dúró jẹ́ aláìlágbára, ìjọba sì ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Ní ti àwa, ẹ̀sìn méjì tó dá dúró, tó sì lágbára, ló dé bá ìdílé: Ìmàle ṣáájú, Ìgbàgbọ́ tẹ̀lé e. Olórí ẹbí tó ń da omi yẹn lè jẹ́ Alhaji. Mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ibi tí Yang kò bá wa dé. Ó rọrùn láti sọ pé kí a má gé e. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dúró, kò sí ààbọ̀ ìkúnlẹ̀. Ẹnìkan yóò gé e fún un. Ìtàn Ìlà-Oòrùn Éṣíà sì fi hàn pé ìdáhùn kan náà lè jẹ́ àánú lẹ́nu ẹnìkan, kí ó jẹ́ ìkà lẹ́nu ẹlòmíràn.

Matteo Ricci, àlùfáà Jésúìtì tó dé Beijing lọ́dún 1601, ló kọ́kọ́ gbé ìdáhùn àánú kalẹ̀. Ó ní ìforíbalẹ̀ fún Confucius àti fún àwọn baba ńlá jẹ́ ọ̀wọ̀ ọmọ sí òbí, kì í ṣe ìbọ̀rìṣà, nítorí náà Krìstẹ́nì Ṣáínà lè máa ṣe é lọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àlùfáà mìíràn tako èrò yìí. Lọ́dún 1700, àwọn Jésúìtì lọ bi Ọba Kangxi fúnra rẹ̀ léèrè, ọba sì fọwọ́ sí i pé ọ̀wọ̀ ni. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí: ọba tó ni ilẹ̀ sọ ohun tí àṣà ilẹ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí, Róòmù sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Póòpù Clement Kọkànlá fòfin dè é lọ́dún 1704, ó sì tún un sọ lọ́dún 1715. Benedict Kẹrìnlá ti ilẹ̀kùn pa lọ́dún 1742. Kangxi kà á sí àfojúdi, ó sì ní kí àwọn oníwàásù má wàásù mọ́ ní ilẹ̀ òun. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1939 kí Róòmù tó yí ọ̀rọ̀ padà, tó gbà pé ọ̀wọ̀ ìlú àti ti ìdílé ni. Láàárín ọdún 1704 sí 1939, ìran bí mẹ́jọ ti àwọn Krìstẹ́nì Ṣáínà ti ní láti yàn láàárín sákáráméńtì àti ojú oórì bàbá wọn.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, a ó ní màmá ọmọ yìí ló jàre: kí a pè é ní àṣà, kí gbogbo ènìyàn sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kòríà ní àkókò kan náà gan-an. Jàpáànù ló ń ṣàkóso ibẹ̀, ìjọba sì pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn máa lọ tẹríba ní ojúbọ Ṣíńtò. Nígbà tí àwọn Krìstẹ́nì yarí, ìjọba kò sọ fún wọn pé kí wọ́n yí ẹ̀sìn wọn padà. Ó ní kì í ṣe ẹ̀sìn rárá. Ojúṣe ọmọ ìlú ni, àṣà orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1936, Róòmù gbà fún àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní Jàpáànù lórí ìpìlẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938, àpéjọ gbogbogbòò ìjọ Presbyterian ti Kòríà jókòó ní Pyongyang láàárín àwọn ọlọ́pàá, ó sì dìbò pé títẹríba ní ojúbọ kì í ṣe ẹ̀sìn. Pásítọ̀ Chu Ki-chol kọ̀, ó ní ẹ̀sìn ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kú sí lọ́dún 1944. "Àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn": gbólóhùn yìí kan náà ni díákónẹ́ẹ̀sì wa ní Dagenham fi ń tu ọmọ rẹ̀ nínú.

Mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín olórí ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn. N kò fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé "àṣà" kì í ṣe orúkọ tó wà nínú ìṣesí fúnra rẹ̀ tí a kàn ń kà jáde. Ẹnìkan ló ń fún un ní orúkọ náà, ìdí sì wà tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílé. Lọ́dún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọpọlọ tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú, ó sì fi Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Inú wa dùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí inú wọn dùn jẹ́ Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí tí wọn kò ní tẹ Ifá láéláé. Wọ́n lè yọ̀ nítorí pé "àjogúnbá" ni wọ́n pè é. Àmọ́ lọ́dún 2023, ọdún tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tó máa ń bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, àjọ̀dún Ìṣẹ̀ṣe kan tí àwọn onísìn ìbílẹ̀ fẹ́ ṣe ní Ìlọrin kò lè wáyé nítorí àtakò. Ohun tí àwọn onísìn náà gbé dúró lé kì í ṣe pé àṣà ni ohun tí àwọn ń ṣe. Wọ́n ní ẹ̀sìn ni, àti pé òfin orílẹ̀-èdè fún gbogbo ẹlẹ́sìn ní òmìnira. Lójú tiwọn, ẹni tó bá pè é ní àṣà ti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyìn ló rò pé òun ń fún wọn. Èyí yẹ kó kan àwa tí a ń kọ ìwé ìkọ́ni. Orí tí a pè ní "àṣà", tí a fi Egúngún àti Ọ̀ṣun ṣe àwòrán aláràbarà rẹ̀, ti bá wọn dá ẹjọ́ kí wọ́n tó dé kóòtù.

Ṣé ọ̀rọ̀ "ẹ̀sìn" fúnra rẹ̀ lè gbà wá? Ní Jàpáànù, nígbà tí àwọn ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ń fi àdéhùn òwò lé wọn lọ́wọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ògbufọ̀ ní láti wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi túmọ̀ *religion*. Wọ́n gbìyànjú oríṣiríṣi, nígbà tó yá wọ́n fara mọ́ *shūkyō*. Ṣáínà àti Kòríà gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, olúkúlùkù ń pè é ní ohùn tirẹ̀. Nínú àmì méjì tí wọ́n fi ń kọ ọ́, èkejì jẹ́ ẹ̀kọ́; èkíní sì jẹ́ orísun àti ìran, a sì tún máa dúró fún ilé tí a ti ń bọ baba ńlá. Ìdílé wà nínú ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí, bí ẹ bá bi ará Jàpáànù ní ẹ̀sìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò ní àwọn kò ní, lẹ́yìn tí wọ́n ti wẹ ibojì òbí wọn mọ́ tán. Àwọn ojúbọ àti tẹ́ḿpìlì Jàpáànù náà sì máa ń ka iye ọmọ ìjọ wọn ránṣẹ́ sí ìjọba. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye náà máa ń ju iye àwọn tó ń gbé ilẹ̀ náà lọ. Ìdáhùn méjèèjì jẹ́ òótọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́.

Tiwa kò jìnnà sí i. Inú "sìn" ni a ti fa "ẹ̀sìn" yọ. A ń sin Ọlọ́run, a ń sin ọba, ọmọ ń sin òbí rẹ̀ nígbà ogbó, a sì ń sin àlejò dé ọ̀nà. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ìrìn tí ẹnìkan ń rìn lẹ́yìn ẹlòmíràn tàbí iṣẹ́ tí a ń ṣe fún un. "Ìsìn" àti "ìsìnkú" sì gbé ohùn kan náà ní àárín wọn. Bóyá ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ní tàbí wọn kò ní in, etí Yorùbá ń gbọ́ wọn pọ̀. Àwọn àgbà kò sì sọ pé ẹni tó ń lọ sílé ìsìn ló bímọ. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ tún kíyè sí i pé àwọn baba wa kò fi "ẹ̀sìn" sọ àwọn àlejò méjèèjì lórúkọ nígbà tí wọ́n dé. Èkíní ni Ìmàle, èkejì ni Ìgbàgbọ́, bí ìgbà tí a bá pe ènìyàn ní orúkọ ohun tó mú kó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Fún àwọn tí kò bá wọn lọ, àwọn tó lọ mú "kèfèrí" wá láti èdè Lárúbáwá, ó sì dé inú Bíbélì wa pàápàá. Lẹ́yìn èyí ni "ẹ̀sìn" wá di agbọ̀n kan tí a kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, ohun tí kò bá sì gba inú agbọ̀n náà, a dà á sínú "àṣà".

N kò dábàá pé kí a sọ agbọ̀n náà nù. A kò lè bá fọ́ọ̀mù ìkànìyàn jiyàn ní èdè tí kò gbọ́, àwọn onísìn ìbílẹ̀ Ìlọrin sì nílò ọ̀rọ̀ "ẹ̀sìn" níwájú òfin ju bí èmi ṣe nílò rẹ̀ nínú kíláàsì lọ. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n jáwọ́ nínú fífi ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe àkọlé orí, bí ẹni pé àwọn ohun tó wà lábẹ́ wọn ti yanjú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti pa tì, tí mo rò pé ó sún mọ́ ohun tí Yang ń wá: "orò", bí a ṣe ń sọ pé "orò ilé wa ni." Ó sọ ibi tí nǹkan náà ń gbé àti ẹni tó ni ín, kò sì sọ bóyá ẹ̀sìn ni tàbí kì í ṣe ẹ̀sìn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ Orò ti gba orúkọ náà mọ́ra débi pé ọmọ tí wọ́n bí sí Dagenham, tó bá ti gbọ́ ọ rí, ìbẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀. Pásítọ̀ pẹ̀lú yóò fò bó bá gbọ́ ọ.

Mo sọ gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kúkúrú, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ní ìpín tí màmá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀ jọ ń lò kò ti inú èdè náà wá, pé òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, àti pé kí ó pe olórí ẹbí fúnra rẹ̀ kí ó bi í ní ohun tó fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ máa ní lọ́kàn bí wọ́n bá kúnlẹ̀. Ó pè é. Bàbá àgbà náà kò mọ ohun tó ń béèrè, ó rò pé owó ìnáwó ni wọ́n fẹ́ bá òun sọ, ó sì ní kí ó fi í ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ọmọ náà kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ, ó dìde nígbà tí wọ́n ń da obì. Àbúrò bàbá rẹ̀ kò sí lórí ìpè náà. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi, mo ti yọ ìsìnkú kúrò lábẹ́ àṣà, n kò sì tíì fi í sábẹ́ ohunkóhun.